Ọjọ́ wo gan-an ni ọdún ìgbéyàwó yín pé?

Ẹ̀yin ará ilé, ẹni tó bá fẹ́ ọmọ Nepal, tí ọdún kìíní ìgbéyàwó wọn ń bọ̀, ẹ kọ́kọ́ yẹ ọjọ́ wò. Kàlẹ́ńdà Bikram Sambat ni wọ́n ń lò níbẹ̀: oṣù kẹrin ọdún 2025 ni ọdún 2082 wọn bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí ìyá ìyàwó ń kà ní Kathmandu lè fi ọjọ́ kan yàtọ̀ sí tiyín. Ẹ bi wọ́n, kí wọ́n má baà pè yín nígbà tí ẹ ti fọ abọ́ tán.

Ẹ má wulẹ̀ ra kéèkì o. Ẹ dín sel roti, oúnjẹ dídùn ilẹ̀ Nepal: ìrẹsì tí a rẹ, tí a lọ̀, tí a fi ṣúgà sí, kí ẹ dà á yípo sínú òróró gbígbóná bí òrùka. Àkọ́kọ́ yóò wọ́. Ẹ jẹ ẹ́ ní kọ̀rọ̀.