Bẹ́ ẹ ṣe lè sọ Kósítà àlòkù di ilé gidi tẹ́ ẹ ó máa gbé

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ bọ́ọ̀sì àlòkù di ilé, ẹ gbé ọ̀rọ̀ kọ́tìnì àti iná aláwọ̀ mèremère sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Gbogbo nǹkan tó máa fara pamọ́ sábẹ́ pákó àti pẹ́ńtì, irin, òrùlé, waya, ihò tí omi lè gbà wọlé, òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ náwó lé lórí, torí tẹ́ ẹ bá ti bò ó tán, àfi kẹ́ ẹ tún tú gbogbo ẹ̀ kẹ́ ẹ tó lè débẹ̀. Èyí tójú ń rí, kódà tó bá jẹ́ ọdún tó ń bọ̀ lẹ máa rówó ẹ̀, kò sí wàhálà.

Lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà, kọ́ńpìnì ló máa ń ṣe ọkọ̀ tó ti ní bẹ́ẹ̀dì, kíṣíìnì àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú, RV ni wọ́n ń pè é, àlòkù ẹ̀ làwọn tó fẹ́ máa gbé inú ẹ̀ máa ń rà tí wọ́n á tún un ṣe. Níbí, bọ́ọ̀sì la ní. Nínú gbogbo àwọn tó ń ná Ìlọrin sí Ọ̀fà àti Òmù-Àrán, Kósítà ni mo lè fọwọ́ ẹ̀ sọ̀yà fún yín: gígùn ẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 7, fífẹ̀ ẹ̀ tó mítà 2, ẹni tí ò ga jù lè nàró nínú ẹ̀, mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n ò sì wọ́n. Háíìsì rọrùn láti wà àmọ́ ó ti kéré jù fẹ́ni tó máa gbé inú ẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ẹni tí nǹkan yìí sì wúlò fún jù lójú tèmi ni ẹni tó ti ra ìdajì pílọ́ọ̀tì sí Gánmọ tàbí Ẹyẹnkọrin, tí owó ilé kíkọ́ ò tíì pé lọ́wọ́ ẹ̀, tó sì tún ń san owó rẹ́ǹtì nígboro lọ́dọọdún.

Kẹ́ ẹ tó sanwó

Mẹkáníìkì nìkan kọ́ lẹ máa mú dání lọ wo ọkọ̀ o, ẹ mú wẹ́dà dání. Ẹ́ńjìnnì tó kú ṣeé pààrọ̀, àmọ́ ṣáásí, ìyẹn irin ńlá abẹ́ ọkọ̀ tó gbé gbogbo ẹ̀ dúró, tí ìpẹtà bá ti jẹ ẹ́, owó ẹ̀ ò lópin. Ẹ mú òòlù kékeré, ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ, ẹ máa kàn án díẹ̀díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn táyà, níbi àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, lábẹ́ ibi tí bátìrì ń jókòó àti létí òrùlé níbi tí omi ti ń ṣàn kọjá. Ibi tó bá dún gbọnrangandan, irin ṣì wà níbẹ̀, ibi tó bá dún pòkì tàbí tí òòlù wọlé lọ, ìpẹtà ti jẹ ẹ́ tán. Tó bá ti tó ibi mẹ́ta mẹ́rin lábẹ́ ṣáásí, ẹ kí ọlọ́kọ̀ kẹ́ ẹ máa lọ, bó ti wù kí owó ẹ̀ kéré tó.

Ẹ yẹ pátíkúlà wò dáadáa, kí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti ti ṣáásí tó wà lára ọkọ̀ bá tinú ìwé mu, kẹ́ ẹ sì yí orúkọ padà sí tiyín. Àwọn kan máa ń sọ pé níwọ̀n ìgbà tí ò ti ní lọ síbì kankan, ìwé kí ni. Èmi ò gbà, ilé yín ni o, tẹ́nì kan bá dé lọ́la tó ní òun lòun ni ín ńkọ́?

Ẹ wá ilẹ̀ tẹ́ ẹ máa gbé e sí kẹ́ ẹ tó gbé ọkọ̀ wálé. Ibi tó le, tí omi kì í dúró sí, tí kànga tàbí bọ́hóòlù ò jìnnà sí. Ẹ dojú ọkọ̀ kọ ìlà oòrùn kí gígùn ẹ̀ lè nà láti ìlà oòrùn lọ sí ìwọ̀ oòrùn, torí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tó kún fún wíńdò á wá kọjú sí àríwá àti gúúsù, oòrùn àárọ̀ àti tìrọ̀lẹ́ ò ní máa ráyè kó wọlé tààrà. Ẹni tó mọ ooru oṣù kẹta n'Ìlọrin á mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ má gbé e sábẹ́ igi máńgòrò, òjìji ẹ̀ dáa lóòótọ́ àmọ́ èso ẹ̀ á máa já lu òrùlé, ẹ̀ka ẹ̀ lè ya nígbà ìjì, sólà ò sì ní rí oòrùn. Ẹ da kọnkéré sábẹ́ táyà kọ̀ọ̀kan, torí ikán. Ikán agbègbè wa yìí á gba ara táyà gòkè lọ bá pákó yín tí ẹ̀yin ò sì ní mọ̀.

Ẹ tú gbogbo ẹ̀

Ìjókòó, kápẹ́ẹ̀tì, pákó ilẹ̀, pákó ẹ̀gbẹ́, aṣọ òkè, gbogbo ẹ̀ pátá ni kẹ́ ẹ yọ títí tó fi máa ku irin. Ìṣó ìjókòó máa ń gan, ẹ da dísù sí i kó sùn mọ́jú, èyí tó bá tún lágídí ẹ ní kí wọ́n fi fáílíìnì gé e. Ẹ má ju àwọn ìjókòó yẹn nù, àwọn tó ń tún bọ́ọ̀sì ṣe ní gáréèjì á rà á, owó ẹ̀ á ra pẹ́ńtì àti wáyà, ṣùgbọ́n ẹ fi ti dírẹ́bà àtèyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ sílẹ̀ torí ọjọ́ tí ọkọ̀ bá máa rìn.

Kí wẹ́dà tó tan iná, ẹ yọ orí bátìrì kúrò, tó bá sì jẹ́ abẹ́ ọkọ̀ ló fẹ́ jó, ẹ sọ táńkì epo kalẹ̀ kẹ́ ẹ gbé e jìnnà. Lẹ́yìn tó bá ti pààrọ̀ irin tó jẹrà tán, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha gbogbo ìpẹtà tó kù, ẹ fi sáńpépà lé e, ẹ nù ún kó gbẹ, kẹ́ ẹ wá kun rẹ́ẹ̀dì ọ́sáídì lẹ́ẹ̀mejì. Iṣẹ́ tí ń súni ni, ọwọ́ á dun yín, àmọ́ mo bẹ̀ yín ẹ má sáré kọjá ibẹ̀.

Òrùlé, òrùlé, òrùlé

Oṣù kọkànlá ló dáa láti bẹ̀rẹ̀, nígbà tójò ti lọ, kẹ́ ẹ lè parí ara ọkọ̀ kí òjò oṣù kẹrin tó dé, kìkì pé tí ọyẹ́ bá mú gan-an eruku á máa lẹ̀ mọ́ pẹ́ńtì tútù, torí náà ẹ máa kùn ún láàárọ̀ kí atẹ́gùn tó bẹ̀rẹ̀.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ ibi tó ń jò nìyí: kí ẹnì kan máa da omi sórí ọkọ̀ pẹ̀lú họ́ọ̀sì, díẹ̀díẹ̀, láti iwájú lọ sẹ́yìn, kí ẹnì kejì wà nínú pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti ṣọ́ọ̀kì, kó máa sàmì síbi tómi bá ti yọ. Omi tó wọlé níwájú lè tọ irin lọ kó wá kán láàárín, nítorí náà ibi tẹ́ ẹ ti rí i nínú kọ́ ni kẹ́ ẹ lẹ̀, ẹ padà lọ sókè kẹ́ ẹ máa tọ ipasẹ̀ ẹ̀ lọ sẹ́yìn. Ìdí rífẹ́ẹ̀tì, ibi tí irin méjì ti pàdé, àti rọ́bà wíńdò tó ti le tó ti sán ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ pààrọ̀ rọ́bà. Ẹ fi sílíǹtì polyurethane dí ojú irin, ẹ má lo sílíkọ́ọ̀nù lásán níbi tẹ́ ẹ máa kùn torí pẹ́ńtì kì í di mọ́ ọn. Kó gbẹ, ẹ tún da omi sí i. Títí tí ò fi ní jò mọ́.

Ẹ kun òrùlé ní funfun, funfun gan-an o, kì í ṣe àwọ̀ èérú, torí funfun ló ń lé oòrùn padà jù. Pánẹ́ẹ̀lì sólà tẹ́ ẹ máa gbé sórí ẹ̀, ẹ jẹ́ kí férémù ẹ̀ fi bí ìka mẹ́rin jìnnà sí irin, atẹ́gùn á máa gba àárín wọn kọjá, òrùlé á rí ìbòòji, pánẹ́ẹ̀lì pàápàá á sì ṣiṣẹ́ dáadáa sí i torí tó bá ti gbóná jù iná tó ń mú wá máa ń dínkù.

Lẹ́yìn náà ni fóòmù tó máa dènà ooru. Fóòmù bẹ́ẹ̀dì kọ́ o, ìyẹn á máa fa omi mu bíi kànìnkànìn, irin tẹ́ ẹ sì ti kùn á tún bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà lábẹ́ ẹ̀. Fóòmù funfun líle, irú èyí tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣàn, ni kẹ́ ẹ rà ní pẹlẹbẹ, ẹ gé e sí àárín àwọn egungun ọkọ̀, kẹ́ ẹ wá ta fọ́ìlì lé e lórí. Ẹ náwó sí òkè àti ẹ̀gbẹ́, ilẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ nílò ẹ̀, àwọn tó ń gbé níbi tí yìnyín ń bọ́ sí ni ilẹ̀ títutù ń dà láàmú, ooru orí ni tiwa. Fóòmù yẹn ń jó fòfò, torí náà kò gbọdọ̀ wà níhòhò, púláíwúùdù gbọ́dọ̀ bò ó.

Waya kó tó di pákó

Ẹ kọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ máa fi iná ṣe sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó ra bátìrì kankan. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ pọ̀: fáànù méjì oní-watts 20 fún wákàtí 10, 400 nìyẹn. Gílóòbù mẹ́rin oní-watts 5 fún wákàtí 5, 100. Láptọ́ọ̀pù oní-60 fún wákàtí 4, 240. Fóònù, ká ní 50. Gbogbo ẹ̀ 790 watt-hours lójúmọ́. Bátìrì 12 volts oní-200Ah gba 2,400 (12 lọ́nà 200), àmọ́ tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń da omi sí, ìdajì ẹ̀ péré ni kẹ́ ẹ máa lò kó má baà tètè kú, ìyẹn 1,200. Pánẹ́ẹ̀lì 300 watts tó rí ojúlówó oòrùn fún nǹkan bíi wákàtí 4 á dá 1,200 yẹn padà. Ó tó. Tẹ́ ẹ bá wá fi fíríìjì kékeré tó ń jẹ bíi 500 kún un, kò tó mọ́ nìyẹn, ẹ lọ ra bátìrì lithium kẹ́ ẹ sì fi pánẹ́ẹ̀lì kún pánẹ́ẹ̀lì, torí lóṣù keje sí ìkẹjọ tí òfuurufú bá dúdú, ohun tí sólà ń mú wá á já wálẹ̀. Áyọ́ọ̀nù, kẹ́tù oníná àti A.C., ẹ gbàgbé wọn.

Ínfátà 1,000 watts lórí bátìrì 12 volts máa ń fa nǹkan bíi amps 90, waya tínínrín á yọ́. Waya nínípọn ni kẹ́ ẹ lò, kó má gùn, kí fíúùsì ńlá sì wà nítòsí orí bátìrì gan-an. Tẹ́ ẹ bá máa fa iná NEPA wọlé ńkọ́? Ara irin lẹ ń gbé inú ẹ̀ yìí o. Waya kan ṣoṣo tó bó tó kan irin, gbogbo ọkọ̀ ló ti di iná, ọmọ tó bá fọwọ́ kan ilẹ̀kùn láti ìta pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán nínú òjò lè kú. Ẹ jẹ́ kí ẹlẹ́tíríkà tó mọṣẹ́ ri irin ẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀, kó so ó mọ́ ṣáásí, kó sì fi bíréékà tó ń gé iná fúnra ẹ̀ tíná bá ń jò síbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó sọ fún yín pé kò pọn dandan.

Gáàsì àti jẹnẹrétọ̀

Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ ka ibí yìí dáadáa. Gáàsì ìdáná wúwo ju atẹ́gùn lọ, tó bá ń jò, ilẹ̀ ló máa sùn sí. Nítorí náà ìta ni sílíńdà máa wà, nínú àpótí onírin tó ní ihò nísàlẹ̀, họ́ọ̀sì ẹ̀ nìkan lá wọlé wá sídìí sítóòfù, kẹ́ ẹ sì dá ihò kékeré kan sí ilẹ̀ kíṣíìnì náà, kẹ́ ẹ fi nẹ́ẹ̀tì dí i nítorí eku. Ọṣẹ àti omi lẹ máa fi yẹ orí họ́ọ̀sì wò, kì í ṣe ìṣáná. Jẹnẹrétọ̀ kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ tàbí lábẹ́ wíńdò, bó ṣe wù kó kéré tó. Èéfín ẹ̀ tó ń pani kò ní òórùn, èèyàn kàn máa sùn ni kò ní jí. Èédú inú kọ́ọ̀lù náà ń yọ èéfín kan náà, torí náà ẹni tó fẹ́ yáná nígbà ọyẹ́, kó yá a níta. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tàbí wíńdò ńlá kan gbọ́dọ̀ wà tó ṣeé gbà jáde tí iná bá ń jó lẹ́nu ọ̀nà, ẹ má ṣe kan bẹ́ẹ̀dì dí i pa.

Omi àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀

Lítà omi kan jẹ́ kílò kan, kẹ́ ẹ rántí ìyẹn kẹ́ ẹ tó gbé táńkì ńlá sínú ọkọ̀. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 méjì lábẹ́ síǹkì pẹ̀lú pọ́ǹpù kékeré 12 volts ti tó fún tọkọtaya láti fọ abọ́ àti ọwọ́, táńkì gidi á wà níta lórí ìdúró. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti nílẹ̀, ìta ni kẹ́ ẹ kọ́ ọ sí pẹ̀lú sókàwéè, kó jìnnà sí kànga tó mítà 30 ó kéré tán. Tòru nìkan ni kẹ́ ẹ fi bọ́kẹ́ẹ̀tì onídèérí sínú ọkọ̀ fún, ìyẹ̀fun pákó tí wọ́n ń kó dànù ní sọ́míìlì lẹ máa dà lé e tẹ́ ẹ bá ti lò ó, kò ní rùn.

Pákó àti ibi tí nǹkan máa wà

Púláíwúùdù tínínrín ló máa wà lára ògiri àti lókè, èyí tó nípọn á wà nílẹ̀, ẹ sì fi Solignum, oògùn ikán tí wọ́n ń kùn sára pákó, kun ẹ̀yìn ẹ̀ kẹ́ ẹ tó kàn án. MDF, pákó tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi àti gúlúù tẹ̀ pọ̀, ò dáa, tó bá ti rómi á wú. Fún bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù, àfàrà fúyẹ́ ju ìrókò lọ, ó sì dínwó. Bọ́ọ̀sì tó ti gbé èèyàn 28 rí, tá a bá fi kílò 65 lé ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹrù 1,820 kílò ló ń gbé, ẹ jẹ́ kí bẹ́ẹ̀dì, bátìrì, omi, ẹrù àti ẹ̀yin fúnra yín kéré sí ìyẹn, kí ẹrù ọ̀tún àti tòsì sì dọ́gba.

Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni bẹ́ẹ̀dì ń dáa sí, kẹ́ ẹ kẹ́rù sábẹ́ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dábùú ẹ̀, ẹni tó ga ò ní lè na ẹsẹ̀ torí lẹ́yìn fóòmù àti púláíwúùdù inú ọkọ̀ ò ní pé mítà 2 mọ́, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kó jẹ́ kí bẹ́ẹ̀dì tẹ̀lé gígùn ọkọ̀, kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kíṣíìnì sún mọ́ ẹnu ọ̀nà. Tábìlì, èyí tó ń ká mọ́ ògiri, torí àárín yẹn lẹ ti máa wọṣọ, ibẹ̀ lọmọ á ti ṣeré, ibẹ̀ náà lẹni tó ń kírun á tẹ́ ẹní sí, tẹ́ ẹ bá sì ti dojú ọkọ̀ kọ ìlà oòrùn bí mo ṣe wí, á kàn yà díẹ̀ sọ́wọ́ òsì ni. Gbogbo wíńdò ló gbọ́dọ̀ ní nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, kẹ́ ẹ tó ra kọ́tìnì o.

Ẹ má kó gbogbo ẹrù wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ sun ibẹ̀ lóòru bíi mélòó kan ná pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì, fáànù àti sítóòfù nìkan, ẹ wo bí bátìrì ṣe kù sí láàárọ̀. Tí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀, ẹ ṣí gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ fọwọ́ pa igun òkè àti abẹ́ wíńdò kọ̀ọ̀kan, ibi tó bá tutù lọ́wọ́ yín ni kẹ́ ẹ tú lọ́jọ́ yẹn, kẹ́ ẹ dí i, kẹ́ ẹ tó wá kó ìyókù ẹrù wọlé.