Bí A Ṣe Ń Kó Òkú Ẹ̀rọ Kúrò Nílé Láì Fi Òjé Sílẹ̀ fún Ọmọ

Tẹlifíṣàn ẹlẹ́yìn gbàgàdà, fóònù tí ojú rẹ̀ ti fọ́, bátìrì inverter tí kò gba iná mọ́: ilé wo ni irú wọn kò sí ní kọ̀rọ̀? Púpọ̀ nínú wọn ló jẹ́ tòkunbọ̀ tó ti ń kú lọ kó tó gúnlẹ̀ sí èbúté. Bí wọ́n bá wà lódindi, ewu wọn kéré. Ìgbà tí a bá fọ́ wọn, tí a bá sun wọ́n, tí a bá da omi inú wọn sílẹ̀, ni àwọn irin olóró bí òjé, mákúrì àti kádímíọ̀mù ń rí ọ̀nà jáde.

Òjé kì í jẹrà. Ilẹ̀ tó bá wọ̀ ló ń gbé, ọmọ tó ń fi erùpẹ̀ ṣeré ní í sì í gbé e sẹ́nu. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ara ọmọdé máa ń fa òjé tó jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún èyí tí ara àgbà ń fà. Ọpọlọ ló ń bà jẹ́, ìbàjẹ́ náà kì í sì í ṣeé tún ṣe.

Ẹ kọ́kọ́ yọ síìmù kúrò nínú fóònù, kí ẹ pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Bátìrì tó bá ṣeé fà yọ, ẹ fà á yọ, kí ẹ lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ibi tí iná ń gbà. Èyí tó bá ti wú, ẹ má gún un, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Inú agolo tí yanrìn gbígbẹ wà ni kó wà, kó jìnnà sí yàrá.

Ẹ má fọ́ tẹlifíṣàn àtijọ́ nítorí bàbà inú rẹ̀. Òjé inú gíláàsì rẹ̀ lè ju kílò kan lọ. Gílóòbù gbọọrọ ní mákúrì ní tirẹ̀: bó bá fọ́, ẹ ṣí fèrèsé, kí gbogbo yín jáde fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Páálí líle ni kí ẹ fi kó o, kí ẹ sì fi aṣọ tútù nu ilẹ̀. Ìgbálẹ̀ yóò kàn fọ́n ọn káàkiri ni.

Bátìrì ọkọ̀ àti ti inverter ló ń bà mí lẹ́rù jù. Òjé ló ju ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ra kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù fi ń wá a kiri. Mo ti rí ẹni tó da ásíìdì inú rẹ̀ sí gọ́tà kó lè fúyẹ́, bẹ́ẹ̀ kànga kò jìnnà síbẹ̀. Òjé wà nínú ásíìdì yẹn náà. Ẹni tó bá fẹ́ dà á nù kó tó gbé e, ẹ má ta bátìrì náà fún un. Ẹ gbé e lóòró, tomi-tomi, lọ síbi tí ẹ ti fẹ́ ra tuntun. Wọ́n máa ń yọ owó rẹ̀ kúrò nínú owó tuntun.

Wáyà ńkọ́? Ẹ má sun ún, ọ̀bẹ ni kí ẹ fi bó o. Èéfín ike rẹ̀ ń pani lára, bàbà tí iná kò kàn sì máa ń lówó lórí ju èyí tó ti jóná lọ.

Ta ni kí ẹ wá kó o fún? Òfin tí NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà tó ń rí sí òfin àyíká, ń mójú tó láti 2011 gbé iṣẹ́ gbígbà òkú ẹ̀rọ padà lé àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ àti àwọn tó ń kó o wọlé lórí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ NESREA tàbí EPRON, ẹgbẹ́ tó ń bá àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ṣètò kíkó òkú rẹ̀, ta ló ní ìwé àṣẹ nítòsí yín. Kí ẹ tó gbé ẹrù fún ẹnikẹ́ni, ẹ bi í pé: “Kí lẹ ń ṣe sí gíláàsì àti bátìrì tí kò lówó lórí?” Ọ̀pọ̀ ń tú èyí tó wúlò, wọ́n á da ìyókù sí ààtàn. Bí kò bá rí èsì tó yé yín fọ̀, ẹ gbé ẹrù yín padà.

Ẹ̀yin tó ń jó léèdì (irin tí òjé wà nínú rẹ̀, tí a fi ń lẹ wáyà), tó ń tú páńẹ́lì ẹ̀rọ nínú ilé: ẹ fi ọṣẹ wẹ ọwọ́ yín, kí ẹ pààrọ̀ aṣọ, kí ẹ tó gbé ọmọ.