Bí A Ṣe Ń Ṣètò Epo àti Afẹ́fẹ́ Nínú Kábúrétọ̀ Ọ̀kadà

Ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà ló máa ń yí sìkúrù ẹ̀gbẹ́ kábúrétọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì, nígbàkígbà tí ọ̀kadà wọn kò bá fà dáadáa, bẹ́ẹ̀ sì ni sìkúrù yìí kò ní àṣẹ kọjá ìgbà tí a kò ṣí tọ́tù (ọwọ́ tí a fi ń fún ọ̀kadà níná) tàbí tí a ṣí i díẹ̀. Abẹ́rẹ́ inú kábúrétọ̀ ló ń pín epo láti ìdá kan nínú mẹ́rin tọ́tù títí dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, níbi tí ìrìn wọ́ọ́rọ́wọ́ wà. Jẹ́ẹ̀tì ńlá, ihò kékeré tí epo ń gbà kọjá nínú kábúrétọ̀, ló ni ìyókù.

Ẹ kọ́kọ́ fọ fílítà afẹ́fẹ́, ẹ wo rọ́bà tó so kábúrétọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì bóyá ó ti là, kí ẹ sì gun ọ̀kadà náà títí ara rẹ̀ yóò fi gbóná.

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ rọra dé sìkúrù náà títí yóò fi jókòó, láì fún un mọ́lẹ̀ rárá, nítorí ẹnu rẹ̀ tínrín. Lẹ́yìn náà, ẹ tú u ní ìyípo kan àbọ̀, kí ẹ sì tan ẹ́ńjìnnì padà. Bí sìkúrù náà bá wà ní apá ẹ́ńjìnnì, títú u ń fi epo kún un. Bí ó bá wà ní apá fílítà, títú u ń fi afẹ́fẹ́ kún un. Ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa tẹ́tí, títí ohùn ẹ́ńjìnnì yóò fi ga jù lọ tí yóò sì dọ́gba.

Bí ọ̀kadà bá ń já gìrì-gìrì lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, tàbí tó kọ́kọ́ kú díẹ̀ kó tó fò síwájú nígbà tí ẹ bá fún un níná, epo rẹ̀ kò tó. Ẹ ti epo láti táǹkì, ẹ yọ abẹ́rẹ́, kí ẹ sún kílíìpù orí rẹ̀ sísàlẹ̀ ní ìlà kan ṣoṣo. Èyí yóò gbé abẹ́rẹ́ sókè, epo yóò sì pọ̀ sí i. Bí ọ̀kadà bá wúwo, tí èéfín dúdú ń jáde, ẹ sún kílíìpù náà sókè. Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ 14.7 sí epo 1 ló ń jẹ́ kí epo jó tán, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tó ń fa ẹrù máa ń fẹ́ nǹkan bí 13, nítorí náà ẹ má dín epo kù jù.

Ẹ wá gùn ún sáré díẹ̀, kí ẹ fa kílọ́ọ̀ṣì, kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ sì wo ẹnu púlọ́ọ̀gì (èyí tó ń ṣáná sí epo) nígbà tó bá tutù. Àwọ̀ kọfí ló dára. Dúdú bí ìdí ìkòkò túmọ̀ sí pé epo pọ̀ jù. Bí ó bá funfun, ẹ má gùn ún lọ sọ́nà jíjìn kí ẹ tó fi epo kún un, nítorí ooru rẹ̀ lè dá ihò sí písítìnì inú ẹ́ńjìnnì.