Bí a ṣe ń dán ipa èròjà ìdàgbàsókè wò lórí ìwúlé nínú sẹ́ẹ̀lì iṣan ẹ̀jẹ̀

Èròjà ìdàgbàsókè kan náà lè ru ìwúlé sókè nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀, ó sì tún lè pẹ̀rọ̀ sí i. Bó ṣe pẹ́ tó lára wọn ló ń pinnu rẹ̀. Bí VEGF, ọ̀kan lára àwọn èròjà náà, bá wà lára wọn fún wákàtí díẹ̀, ó ń jí NF-κB, ìyẹn protein tó ń tan ìwúlé nínú sẹ́ẹ̀lì. Nígbà náà, ICAM-1, VCAM-1 àti E-selectin, àwọn protein tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun ń lẹ̀ mọ́, á yọ sójú sẹ́ẹ̀lì. Ṣùgbọ́n bí FGF-2, èròjà ìdàgbàsókè mìíràn, bá ti wà lára wọn fún ọjọ́ mẹ́ta kí TNF-α, ohun tí ara fi ń ru ìwúlé, tó dé, ICAM-1 tí TNF-α ń fà jáde á dín kù. Nítorí náà, ẹ dán àsìkò kúkúrú àti gígùn wò pa pọ̀.

Ẹ lo HUVEC, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì iṣan inú okùn ìwọ́ ọmọ, láti passage 2 sí 5 (iye ìgbà tí wọ́n ti tú u sínú abọ́ tuntun). Ẹ fi gelatin 0.1% bo ìsàlẹ̀ abọ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní 37°C, kí ẹ sì jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì kún un pátápátá kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Omi oúnjẹ wọn ló ń ba ìdánwò yìí jẹ́ jù. EGM-2, omi oúnjẹ tí wọ́n sábà ń lò fún HUVEC, ti ní VEGF, FGF-2, EGF àti IGF-1 nínú tẹ́lẹ̀, ó sì ní hydrocortisone, tó ń pa ìwúlé. Ẹni tó bá fi VEGF kún un kò tíì dán nǹkan kan wò. Fún àsìkò kúkúrú, ẹ gbé wọn sínú omi oúnjẹ tí kò ní èyíkéyìí nínú wọn, pẹ̀lú serum (omi ara ẹ̀jẹ̀) 1%, láti alẹ́ di àárọ̀. Fún ọjọ́ mẹ́ta, serum 2% ló yẹ, torí bí ó bá kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, ebi á pa wọ́n kú. FGF-2 ń bàjẹ́ kíákíá ní 37°C, nítorí náà ẹ máa pààrọ̀ omi lójoojúmọ́, nínú gbogbo ihò abọ́ náà lẹ́ẹ̀kan náà.

Ihò mẹ́rin ni ìpìlẹ̀: èyí tí ẹ kò fi nǹkan kan sí, èyí tó ní èròjà ìdàgbàsókè nìkan (10 sí 50 ng/mL), èyí tó ní TNF-α nìkan (10 ng/mL), àti èyí tó ní méjèèjì. Ẹ má fo ìkejì. Òun ló ń fi hàn bóyá èròjà náà fúnra rẹ̀ ń ru ìwúlé.

Ẹ ṣọ́ra fún LPS, ohun tó wà lára èèpo bakitéríà tó sì ń ru ìwúlé. Inú bakitéríà E. coli ni wọ́n ti ń ṣe ọ̀pọ̀ èròjà wọ̀nyí, ìwọ̀nba LPS kékeré sì tó láti gbé E-selectin sókè. Ẹ fi polymyxin B, oògùn tó ń so LPS mọ́lẹ̀, 10 µg/mL, sínú ihò mìíràn tó ní èròjà náà. Bí ipa èròjà náà bá pòórá, LPS lẹ ń wò.

E-selectin ga jù ní wákàtí 4 sí 6, ICAM-1 sì wà lókè títí di 24, nítorí náà ẹ má fi wákàtí kan ṣoṣo ka méjèèjì. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe flow cytometry, ìyẹn kíka protein ojú sẹ́ẹ̀lì lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹ̀rọ, ẹ fi EDTA, kẹ́míkà tó ń gba calcium, tú sẹ́ẹ̀lì kúrò lára abọ́. Trypsin, enzyme tó ń gé protein, lè gé ohun tí ẹ ń wá kúrò lójú rẹ̀.

Èròjà wọ̀nyí tún ń mú sẹ́ẹ̀lì pọ̀ sí i. Bí ẹ bá wọn IL-8, àmì ìwúlé tí sẹ́ẹ̀lì ń tú jáde, nínú omi ihò, ẹ pín in fún iye sẹ́ẹ̀lì tàbí DNA, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó pe ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì ní ìwúlé. Ẹ tún gbogbo rẹ̀ ṣe pẹ̀lú ìwọ́ ọmọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó kéré tán. Ihò mẹ́ta láti ara ìwọ́ kan ṣoṣo, ẹyọ kan náà ni.