Bí a ṣe ń fi kantíkantí orí ẹmu wo ohun tí ìtànṣán UV ń ṣe sí ẹyin

Ẹni tó bá ti jókòó ti agbè ẹmu rí ní Ìjẹ̀bú mọ kantíkantí. Kí ẹ tó gbé ife dé ẹnu, ó ti bà sétí rẹ̀. Drosophila melanogaster ni àwọn onísáyẹ́ǹsì ń pè é, ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí ló sì ti ṣẹ̀ kí ó tó tẹ̀lé èso àti ọtí yí ayé ká. Òun ni Thomas Hunt Morgan, onímọ̀ nípa àbùdá tí a ń jogún, ń sìn nínú ìgò ní Columbia University ní New York lọ́dún 1910, nígbà tó rí akọ kan tó lójú funfun láàárín àwọn olójú pupa.

Báyọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ìdánwò yìí kò gbà ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ohun tí mo sì fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni pé iná kan á ṣe ẹyin léṣe, iná mìíràn á tún un ṣe, lójú yín.

Ẹ kọ́kọ́ wá iná tó yẹ. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Ìtànṣán UV, ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa kì í rí, kì í ṣe ẹyọ kan. Gígùn ìgbì wọn la fi ń yà wọ́n: UVA wà láàárín 315 sí 400 nánómítà, UVB wà láàárín 280 sí 315, UVC kò tó 280. DNA, ohun inú sẹ́ẹ̀lì tó gbé àbùdá tí a ń jogún, máa ń fa èyí tó wà ní nǹkan bí 260 mu jù, UVC sì nìyẹn. Ti inú oòrùn kì í dé ọ̀dọ̀ wa, ipele ózóònù lókè ń gbà á dúró. Iná tí àwọn aṣèékánná ń kì ọwọ́ bọ̀ àti èyí tí wọ́n fi ń yẹ owó ayédèrú wò, UVA ni àwọn yẹn, ẹ má fowó ṣòfò lórí wọn. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe píọ̀ wọ́tà ni mo ti rí tèmi. Iná tí wọ́n fi ń pa kòkòrò àrùn inú omi máa ń tan ní 254 nánómítà, ẹni tí mo bẹ̀ sì fún mi ní ògbólógbòó kan tó ṣì ń tàn.

Àwọn ọmọ máa ń bi mí pé kí ló dé tí a ò kàn gbé ẹyin síta. Oòrùn Ìjẹ̀bú, pàápàá ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin tó máa ń dúró sí àtàrí wa gan-an, ooru rẹ̀ á se ẹyin náà jinná kí UVB tó ń dé ọ̀dọ̀ wa tó ṣe tirẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, oòrùn gbé iná tó ń bàjẹ́ àti iná tó ń túnṣe wá pọ̀, ẹ ò ní lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ẹ kìlọ̀ fún ara yín o. UVC kì í dun èèyàn lójú ẹsẹ̀. Ó di wákàtí mélòó kan kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta bíi pé wọ́n da yanrìn sí i. Inú páálí tó dé pa ni kí iná náà wà, kí bọ́tìnnì rẹ̀ wà níta, kí àwọn ọmọdé má sì sún mọ́ ọn. Gílóòbù náà ní mákúrì nínú, ẹ má jẹ́ kó fọ́.

Ó wá kan kantíkantí. Ẹ fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ti rọ̀ àti ẹmu díẹ̀ sínú ìgò, kí ẹ ká bébà bí òkòtó sí ẹnu rẹ̀, kí ihò ìsàlẹ̀ kéré. Wọ́n á wọlé, ọ̀nà àbájáde á pòórá mọ́ wọn lójú. Bàbá ẹlẹ́mu tí mo lọ bá wò mí títí.

"Tíṣà, ẹmu lo fẹ́ rà ni àbí kòkòrò orí ẹ̀?"

"Méjèèjì ni, bàbá."

Owó ẹmu nìkan ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi.

Ẹ gbé ìgò náà lé omi dídì fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n á sùn lọ. Ẹ tú wọn sórí bébà funfun, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré ṣà wọ́n. Èyí tó bá ní ìlà funfun gbọọrọ láti orí dé ẹ̀yìn, Zaprionus ni, ìbátan lásán ni, ẹ yọ ọ́ kúrò. Olójú pupa tí kò nílà lẹ̀ ń wá. Akọ kéré ju abo lọ, ìdí rẹ̀ sì dúdú.

Oúnjẹ wọn ò le: ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a gún, ògì tí a sè nípọn, yíìsì búrẹ́dì fún-ún-fún, ẹ̀kán fínígà kan kí ó má bu. Òwú ni kí ẹ fi dí ìgò. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù omi, níbi tó tutù. Ní nǹkan bí ìwọ̀n 25 lórí ẹ̀rọ ìwọ̀n ooru, ẹyin á di kantíkantí tó ń fò láàárín ọjọ́ 10, ṣùgbọ́n tí ooru bá ti ń lọ sí 30, akọ kì í lè fún abo lóyún mọ́.

Láti gba ẹyin, mo máa ń se ẹ̀kọ pẹ̀lú omi zobo, màá dà á sínú ọmọrí ike pẹlẹbẹ, màá jẹ́ kó dì, màá sì fi yíìsì ra ojú rẹ̀. Lórí ẹ̀kọ pupa yẹn, ẹyin funfun á hàn kedere. Kò gùn ju ìdajì mìlímítà lọ, ó rí bí hóró ìrẹsì, ó sì ní ìwo tẹ́ẹ́rẹ́ méjì lórí. Wákàtí mẹ́rin péré ni kí ẹ fi gbà á, kí ọjọ́ orí wọn má baà jìnnà síra.

Ẹ wá ọmọrí mẹ́rin, kí ẹ ka ẹyin 50 sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́ kò ní rí UV, á wà nínú ìmọ́lẹ̀. Ìkejì kò ní rí UV, á wà nínú òkùnkùn. Ìkẹta á rí UV, á bọ́ sínú òkùnkùn. Ìkẹrin á rí UV, á bọ́ sínú ìmọ́lẹ̀.

Ẹ gbé ìkẹta àti ìkẹrin sábẹ́ iná pọ̀, kí wọ́n jìnnà sí i bákan náà, láìfi ohunkóhun bò wọ́n. Lọ́dún àkọ́kọ́, mo fi ike tó mọ́ gaara bo tèmi kí eruku má bà á. Odindi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú la fi tan iná, ẹyin ò kú. Àwọn ọmọ ní kantíkantí Ìjẹ̀bú lóògùn. Ike yẹn ló gba UVC dúró. Gíláàsì náà á gbà á dúró. Iná kò dọ́gba lágbára, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ fi ẹyin mìíràn dán ìṣẹ́jú àáyá 15, 30, 60 àti jù bẹ́ẹ̀ wò, kí ẹ mú èyí tó pa nǹkan bí ìdajì àwọn tó bá òkùnkùn lọ.

Kété tí ẹ bá paná, ẹ fi aṣọ dúdú bo ìkẹta pẹ̀lú ìkejì, kó jẹ́ lábẹ́ iná pupa nìkan. Ẹ gbé ìkẹrin pẹ̀lú àkọ́kọ́ sẹ́yìn fèrèsé gíláàsì fún wákàtí méjì, níbi tí oòrùn kò ti ràn wọ́n tààrà. Lẹ́yìn náà, kí kálukú wọ inú ìgò oúnjẹ tirẹ̀, kí ẹ fi aṣọ bo gbogbo wọn.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹyin nìyí. DNA dà bí òwú tó tò lórí òfì. Lẹ́tà mẹ́rin la fi kọ ọ́, T sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. UVC máa ń lẹ T méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn pọ̀, òwú á takókó, ẹ̀rọ tó ń da DNA kọ kò ní lè kọjá. Núkílíọ́ọ̀sì inú ẹyin, ilé tí DNA ń gbé, tó yẹ kí ó máa pín sí méjì, sí mẹ́rin, á dúró gbagidi. Kantíkantí ní ènsáìmù kan, photolyase, tó ń jókòó lé kókó náà, tó sì ń fi agbára ìmọ́lẹ̀ búlúù tú u. Onísáyẹ́ǹsì kan, Albert Kelner, tẹ ìwádìí lórí irú àtúnṣe yìí jáde lọ́dún 1949, lára kòkòrò tíntìntín inú ilẹ̀. Nínú òkùnkùn, ọ̀nà kejì ló kù: kí wọ́n gé apá tó bàjẹ́ sọnù, kí wọ́n hun tuntun dípò. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ó máa ń falẹ̀. Aziz Sancar tó ṣiṣẹ́ lórí ọ̀nà méjèèjì wà lára àwọn mẹ́ta tó gba Nobel kẹ́místrì ní 2015. Àwa èèyàn ò ní photolyase, gígé àti híhun nìkan la ní. Ẹ rò ó wò fún àfín tí kò ní àwọ̀ dúdú tí yóò gba UV oòrùn dúró kó tó wọlé.

Ní ọjọ́ kejì, ẹ ka èyí tó pa. Ẹyin tó pa á di èèpo òfìfo, èyí tó kú á máa di búráùn. Lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rin ìdin, wọ́n á gun ara ìgò, wọ́n á wọ àpò. Ẹ kọ ọjọ́ tí kálukú wọ̀ ọ́, nítorí èyí tó fara pa tí kò kú lè pẹ́. Ní ìkẹyìn, ẹ ka àwọn tó fò.

Tí àkọ́kọ́ àti ìkejì kò bá jọra, ooru tàbí oúnjẹ ló da iṣẹ́ rú, ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Tí ìkẹta àti ìkẹrin bá sì pa dọ́gba, ẹ na aṣọ dúdú yín sójú oòrùn. Tèmi ní ihò eku mẹ́ta.