Bí ẹ ṣe lè fi ṣọ́ọ̀kì yẹ nọ́ńbà práìmù wò

Lẹ́yìn Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò nírọ̀lẹ́. Ọ̀kan nínú wọn gbọ́ pé nọ́ńbà práìmù tí Luke Durant rí lọ́dún 2024 ní fígọ̀ 41,024,320, ó wá bi mí pé, "Tíṣà, ta ló jókòó pín in?" Nọ́ńbà tó ju 1 lọ, tí kò sí nọ́ńbà tó lè pín in láìṣẹ́kù àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀, là ń pè ní práìmù. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó pín in. Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo fi 127 ṣe é lára ògiri.

Ẹ kọ 2 méje sílẹ̀, kí ẹ fi wọ́n lọ́nà ara wọn: 128. Ẹ yọ 1, ó ku 127. Irú nọ́ńbà báyìí nìkan ni ìdánwò yìí wà fún, 2 tí ẹ kọ gbọ́dọ̀ ju méjì lọ, kí iye wọn sì jẹ́ práìmù. Édouard Lucas ará Faransé ló gbé e kalẹ̀, D. H. Lehmer ará Amẹ́ríkà tún un ṣe.

Orí 4 ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi lọ́nà ara rẹ̀, ẹ yọ 2: 14. Ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún 14: 194. Ó ti ju 127 lọ, ẹ yọ 127 kúrò, ó ku 67. Nígbà tí nọ́ńbà bá wá ń ga, ẹ má fi 127 pín in, 128 ló rọrùn. 128 kọ̀ọ̀kan, 127 kan àti 1 ni. 127 á lọ, 1 á kù. Nítorí náà, 67 lọ́nà 67 jẹ́ 4489. 128 wà nínú rẹ̀ nígbà 35, ó ku 9. Ẹ ro 35 mọ́ 9, ó di 44. Ẹ yọ 2, ó di 42. Lẹ́yìn náà 111. Lẹ́yìn náà 0.

Ìṣísẹ̀ márùn-ún péré, ìyẹn 7 tí a yọ 2 nínú rẹ̀. Bí ìkẹyìn bá jẹ́ 0, práìmù ni.

Ẹ ṣọ́ra fún 2 tí ẹ ń yọ yẹn o. Lọ́jọ́ kan mo gbàgbé rẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kẹta, mo kọ 44 sílẹ̀, 77 ló sì kẹ́yìn. Gbogbo ìlà tó tẹ̀ lé e ló dára lójú. Láti ọjọ́ náà, ọmọ méjì ni mo ń jẹ́ kó ṣe é lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n máa fi ìlà wé ìlà.

Èyí tó wú mi lórí jù ni 2047, tó jẹ́ 2 mọ́kànlá tí a fi lọ́nà ara wọn, tí a sì yọ 1 bíi ti 127. 1736 ló kẹ́yìn, kì í ṣe 0. A ti mọ̀ pé kì í ṣe práìmù kí a tó mọ̀ pé 23 lọ́nà 89 ni. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Lucas ṣe fún 2 mẹ́tàdínláàádọ́rin lọ́dún 1876. Ó di 1903 kí F. N. Cole tó rí àwọn tó pín in: 193,707,721 àti 761,838,257,287.

Ẹ̀yin náà ẹ gbé 8191 wò. 2 mẹ́tàlá ni, ìṣísẹ̀ mọ́kànlá, 8192 sì ni ẹ ó fi máa pín. Bí ẹ bá bá 128 pàdé ní ìṣísẹ̀ kẹwàá, ẹ ò tíì ṣìnà.