Bí Mo Ṣe Ń Kọ Ìròyìn Ọjà Láìsọ Pé "Ọjà Kún Fọ́fọ́"

Akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ìròyìn ni mí n'Íbàdàn. Ọjà Bódìjà ni wọ́n máa ń rán wa lọ tí olùkọ́ bá fẹ́ mọ̀ bóyá a lójú. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa sì máa ń kó bọ̀ kò ju "ọjà kún fọ́fọ́, èrò ń wọ́ tìrítìrí" lọ. Ta ni kò mọ̀ pé ọjà máa ń kún? Bí mo ṣe ń ṣe tèmi rèé.

Má rìn yíká ọjà. Ìsọ̀ kan ṣoṣo ni kó o yàn, kó o jókòó tì í. Ọ̀dọ̀ àwọn alẹ́wà lèmi máa ń lọ, torí Òkè Ọya ni tírélà ti ń kó ẹ̀wà wá. Bí ọ̀nà bá dí tàbí tí epo bá wọ́n, ọ̀dọ̀ wọn lo ti máa tètè gbọ́. Má dé ibẹ̀ láàárọ̀ kùtù o. Ẹni tí kò tíì tajà rárá kò fẹ́ kí ẹni tí kò ní rajà wá dúró síwájú ìsọ̀ òun, kò sì jẹ̀bi. Tí oòrùn bá ti ń ga, tí ọwọ́ wọn dilẹ̀ díẹ̀, kí wọn dáadáa: "Ẹ kú ọjà o, Mà. Ajé á wọ̀gbá o." Kó o tó fa bírò yọ, sọ ẹni tó o jẹ́, kó o fi káàdì ilé-ìwé rẹ hàn wọ́n. Ẹni tó bá ń kọ nǹkan sínú ìwé láàárín ọjà, agbowó-orí ni wọ́n máa pè é, tàbí ẹni tí ìjọba rán wá sàmì sí ìsọ̀ tí wọ́n fẹ́ wó. Kó o sì ra nǹkan. Ẹ̀wà dẹ́ríkà kan kò lè pa ẹ́ lára, o ṣáà máa jẹun alẹ́.

Ọwọ́ ni kó o máa wò, má wo ojú. Ojú oníṣòwò ti mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo èèyàn. Wo ìyá alẹ́wà bó ṣe ń wọn ọjà: á fi apá òsì rọ̀gbà yí ẹnu kóńgò ká, á máa fi ọwọ́ ọ̀tún bu ẹ̀wà lé e títí tó fi máa ga ṣóńṣó, tí ẹ̀wà á gun apá rẹ̀. Èyí tó wà lórí apá yẹn, oníbàárà ti kà á mọ́ tiẹ̀. Àmọ́ tó bá fẹ́ dà á sínú ọ̀rá, á yọ apá wẹ́rẹ́, díẹ̀ á sì ya padà sínú àpò. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

"Mà, ẹ̀wà mi lẹ dà padà yẹn o!"

"Èwo ni tìẹ níbẹ̀? Ṣebí mo ti fi ènì sí i."

Bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́ ni kó o kọ ọ́. Má sọ ọ́ di Yorùbá orí rédíò. Tí ìyá bá ní "tú taosan", "tú taosan" náà ni.

Tẹ́tí sí ohun tí oníbàárà bá kọ́kọ́ bèèrè. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, obìnrin kan tí báàgì rẹ̀ bá bàtà mu ní kí wọ́n wọn dẹ́ríkà méjì fún òun. Ìyá alẹ́wà wò ó, ó ní, "Àǹtí, ṣebí kóńgò mẹ́ta lẹ máa ń rà." Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó ṣì kù nílé ni." Mi ò fi àlàyé kankan kún un nígbà tí mo kọ ọ́. Ẹni tó bá ń fowó ara rẹ̀ ra oúnjẹ nílùú yìí mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Má fojú kéré iye owó ọjà. Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend, òyìnbó míṣọ́nnárì, dá sílẹ̀ l'Ábẹ́òkúta lọ́dún 1859, bó ṣe ń kọ nípa ìrìnàjò àwọn àlùfáà náà ló ń kọ iye òwú. Nítorí náà, bèèrè iye ní ìsọ̀ mẹ́ta ó kéré tán, kó o sì bèèrè irú ẹ̀wà tó jẹ́, torí olóyin kì í bá dúrọ́ọ̀mù dọ́gba. Wo ìdí kóńgò náà, àwọn kan wà tí wọ́n ti lù ú wọnú. Kọ ọjọ́ àti wákàtí sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye kọ̀ọ̀kan.

Orúkọ àti fọ́tò ló kẹ́yìn. Bèèrè orúkọ tí wọ́n fẹ́ kó o fi pe àwọn. Bí wọn ò bá fẹ́, "ìyá alẹ́wà kan" ti tó. Àwọn ọmọ kéékèèké tó ń ṣe aláàárù, má kọ orúkọ wọn, má sì ya ojú wọn rárá, bí wọ́n tilẹ̀ ní kó o yà wọ́n.

Ilẹ̀ ọjọ́ náà kò gbọdọ̀ ṣú kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Tí olóòtú bá ní ó gùn jù, ibi tó o ti ń sọ bí ọjà ṣe rí lára rẹ ni kó o kọ́kọ́ gé.